IṢẸ́ TI KÓ LỌ, Ẹ MÁ ṢE ṢỌ́ GÉÈTÌ ÒFÌFO

 

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri láàárín àwọn tí kò fẹ́ràn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n ní agbègbè wa kò pàdánù ohunkóhun. Wọ́n ní bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti ilẹ̀kùn, ọjà méjì á ṣí dípò rẹ̀, pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Wọ́n ní ẹni tí ó bá wí pé kò rí iṣẹ́ lójú ọ̀nà yìí, ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn tún fi kún un pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gan-an ni ó fi ariwo owó oṣù lé àwọn òyìnbó lọ.

A ní irọ́ ni. Ọba ni ilé rẹ̀ jó tí ó tún un kọ́. Ilé lébìrà tí ó bá jó, eérú ni ó bù sí i. Iṣẹ́ kò tán ní ojú ọ̀nà Badagry; iṣẹ́ pààrọ̀ aṣọ ni. Ó bọ́ aṣọ tí ó ní àpò sílẹ̀, ó wọ èyí tí kò ní àpò. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí kò bá tẹ̀ lé e dé ibi tí ó kó lọ, olùṣọ́ géètì òfìfo ni yóò dà.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù March ọdún 1975 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Ojo níhìn-ín. Ìjọba Nàìjíríà àti Volkswagen ti Jámánì ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń rọ̀ wọlé bí òjò. Ìjàpá ni a kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n mọ́, lẹ́yìn náà a rí Passat, a rí Igala, a rí Audi. Iṣẹ́ irú èyí ń fẹ́ wẹ́lídà, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò kun ọ̀dà, ó ń fẹ́ onínáá, akọ̀wé sítọ́ọ̀ àti awakọ̀. Kì í sì í ṣe owó oṣù nìkan ni ó ń fúnni. Ó ń fúnni ní ìwé ìgbaniṣẹ́, ní ìsinmi ọdọọdún, ní owó ìfẹ̀yìntì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ sí abẹ́ òrùlé kan, tí wọ́n fi lè fi ohùn kan bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Àpò tí a ní aṣọ yẹn ní nìyẹn.

Kí ni ó wá dé? Ọkọ̀ tí wọ́n ń tò ní Ojo kò ní gbòǹgbò níhìn-ín. Láti Jámánì àti Brazil ni wọ́n ti ń di àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sínú àpótí wá, owó òkèèrè ni wọ́n sì fi ń rà wọ́n. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Ní oṣù September 1986, ìjọba Ọ̀gágun Babangida sọ náírà sí ọjà kí ó máa wá iye ara rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, dọ́là kan ti ju ₦3 lọ. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ẹrù tí wọ́n ń rà ní ₦1,000 tẹ́lẹ̀ ti kọjá ₦3,000 kí òṣìṣẹ́ kankan tó gbé sípánà sókè. Ǹjẹ́ owó oṣù di ìlọ́po mẹ́ta? Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ dá wa lóhùn.

Ta ni yóò wá ra ọkọ̀ tuntun? Tòkunbọ̀ ni ọjà kù fún. Tòkunbọ̀ ń bọ̀ láti Cotonou, ó ń gba Seme wọlé, ó ń gba ojú ọ̀nà Badagry kọjá níwájú géètì Volkswagen gan-an lọ sí Èkó. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ẹ̀rọ dákẹ́. Ní 1994, Volkswagen ti Jámánì yọwọ́ pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó lé wọn, ìpàdé ẹgbẹ́ wo ni ó dá iye tí wọ́n ń ta dọ́là? Akọ̀wé ẹ̀ka wo ni ó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa ti òkè òkun kó ẹ̀yà ọkọ̀ wá títí láé, kí a má ṣe rọ tiwa? Ẹni tí kò sí níbi tí wọ́n ti gbìmọ̀, ẹ má ṣe di ẹ̀bi rù ú.

Ní àkókò kan náà, ọjà ń gbòòrò. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn oníṣòwò rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti ń kó wá sí Alaba International. Ẹ sì wo Trade Fair. Ní 1977 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí i, kí àwọn ilé-iṣẹ́ lè máa pàtẹ ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Lónìí, ọjà ńlá kan tí wọ́n ti ń ta páàtì ọkọ̀ wà níbẹ̀, ohun tí ó sì pọ̀ jù nínú páàtì náà, òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá. Ilé tí a kọ́ fún ìṣe ti di ilé títà.

A kò bú ọjà o. Alaba ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé, àwọn oníbàárà ń ti ìlú mìíràn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá rajà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń yin ọjà kì í bèèrè ohun tí ó yẹ kí òṣìṣẹ́ bèèrè: àdéhùn wo ni ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní lọ́wọ́? Alábàárù tí ó ru fíríìjì, iye ẹrù tí ó bá rù ni owó rẹ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá yẹ̀ lọ́sàn-án, ebi dé lálẹ́. Ọmọ tí ó sin ọ̀gá fún ọdún mẹ́fà, inú rere ọ̀gá ni ó gbójú lé kí ó tó rí owó fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Awakọ̀ danfo tí ń kó àwọn oníbàárà wá, owó ọlọ́kọ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà owó epo, lẹ́yìn náà owó àwọn agbèrò. Ohun tí ó bá kù ni ti aya àti ọmọ. Àwọn wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ ju ẹni tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá pè wọ́n ní ọ̀lẹ, kí ó wá ru fíríìjì kan ṣoṣo. Iṣẹ́ wà, àpò ni kò sí lára aṣọ.

Àwọn kan ń wí pé kí a ní sùúrù, géètì yóò tún ṣí. Ó kúkú ṣí. Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ kéde ètò ọkọ̀ tuntun, ó fi owó-orí 35 nínú ọgọ́rùn-ún àti àfikún 35 mìíràn lé ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá kó wọlé ní odindi. Ní 2014, Nissan bẹ̀rẹ̀ sí tò nínú ọgbà kan náà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Stallion. Ní 2015, Volkswagen náà tún yọjú. Ṣùgbọ́n òfin ìnáwó ọdún 2020 gé àfikún náà sí 5 péré. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó mọ odi, ọwọ́ òsì ni ó wó o, kò sì pé ọdún mẹ́jọ. A kò ní kí ilé-iṣẹ́ má padà wá. A ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọjọ́ ayé rẹ̀ dúró dè é.

Ẹ tún wo Agbara tí ó wà níwájú wa, níbi tí ọ̀pọ̀ ará Okokomaiko àti Iyana-Iba ń jí lọ ní òwúrọ̀. Ní August 2023, GlaxoSmithKline kéde pé òun yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà, kí àwọn mìíràn máa bá òun pín oògùn. Ní December ọdún yẹn kan náà, Procter & Gamble, tí ó ṣí ilé-iṣẹ́ ńlá ní Agbara ní 2017, kéde pé òun kò ní ṣe ọjà níhìn-ín mọ́, kíkó wọlé ni òun yóò máa ṣe. Ọ̀wọ́n dọ́là ni ó tún dé. Orin 1986 kan náà ni wọ́n yí ìlù rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀rọ̀ kàn yín báyìí. Ní 4 September 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Nígbà tí ọ̀nà náà bá dé Okokomaiko, gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ kìlómítà 27. Ọkọ̀ ojú irin dára, a kò ní bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé èrò láti Okokomaiko lọ sí CMS, kí ni yóò gbé nígbà náà? Ọ̀nà gígùn yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà kúkúrú tí ń kó èrò wá sí ibùdókọ̀ ojú irin ni yóò kù. Ta ni wọn yóò fún ní ọ̀nà kúkúrú yẹn? Ta ni yóò gbálẹ̀ ibùdókọ̀, ta ni yóò ṣọ́ ọ, lórí owó oṣù mélòó? Ní 2008, nígbà tí BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù NURTW wà lára àwọn tí ń wa bọ́ọ̀sì náà, nítorí pé wọ́n ti bá ìjọba jókòó kí bọ́ọ̀sì tó dé. Ẹni tí ó bá dúró di ọjọ́ tí fèrè ọkọ̀ ojú irin yóò dún ní Okokomaiko kí ó tó sọ̀rọ̀, fèrè ni yóò bo ohùn rẹ̀.

Nítorí náà, a ń ké sí ẹ̀ka wa, a sì ń ké sí gbogbo ẹ̀ka tí ó wà lójú ọ̀nà yìí, pé kí wọ́n ṣe ohun mẹ́rin.

Èkínní, kí a fi òfin iṣẹ́ sí àpò. Abala 20 nínú Labour Act sọ pé bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù nítorí pé iṣẹ́ dín, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ àti bí yóò ti pọ̀ tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó sọ pé ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ, bí kò bá ti sí ìyàtọ̀ nínú ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìwà, ó sì ní kí ọ̀gá sapá láti bá wọn dúnàádúrà owó ìdáṣẹ́dúró. Àkókò tí a ń ja ìjà yìí ni ìgbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi kọ́kọ́rọ́ ti géètì, àánú ni a ń tọrọ, a kì í tún ṣe àdéhùn.

Èkejì, kí a bèèrè ìwé. Abala 7 òfin náà ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ àdéhùn rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Kàṣúà tí ó ti pé ọdún márùn-ún láìní ìwé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ.

Ẹ̀kẹta, kí a ṣílẹ̀kùn ẹgbẹ́. Òṣìṣẹ́ kọngíláà, alábàárù Alaba, ọmọ iṣẹ́ Trade Fair, kọ̀ndọ́kítọ̀ danfo, ará wa ni wọ́n. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ máa ń sọ pé, “Èyí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa, kàṣúà ni.” Àwọn tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá fẹ́ràn jù. Bí a bá ń lé kàṣúà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọjọ́ kan ni ọ̀gá yóò fi kàṣúà kún gbogbo ilé, tí àwa náà yóò sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ẹ̀ka awakọ̀ àti ti ilé-iṣẹ́ jọ lọ bá ìjọba Èkó nísinsìnyí lórí iṣẹ́ tí ọkọ̀ ojú irin yóò mú wá, kí àdéhùn wà lórí ìwé kí ọkọ̀ tó dé.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. A ti wo ẹ̀yìn tó. A ti rí i pé kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó bá wa mulẹ̀ pé òun kò ní kó lọ. Ohun tí kò gbọdọ̀ kó lọ ni ẹgbẹ́ wa, nítorí pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú kàṣúà kan, awakọ̀ kan tàbí alábàárù kan dání wá. Ẹ má ṣe dá wá.