Ọkọ̀ Tó Gbé Ará Ìlú Ló Jọba

Bí àwọn àgbà bá jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ní Igbó-Ọrà, tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ bá délẹ̀, Volkswagen Ìjàpá ni wọ́n máa ń gbé gẹ̀gẹ̀. Bàbá mi àgbà, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ló máa ń ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n á ní kò sí ọkọ̀ tó dà bí Ìjàpá tí àwọn fi owó oṣù rà. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá mi, ṣùgbọ́n n kò gbà. Peugeot 504 ló ṣe Ìbàràpá lóore jù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún Ìjàpá ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Láti ọdún 1938 ni wọ́n ti fi han ayé ní Jámánì. Ó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní Mẹ́síkò ní 2003. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló sì ń tù ú. Kò ní rédíétọ̀ tí yóò máa béèrè omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Owó olùkọ́ sì ká a.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣí iwájú rẹ̀, níbi tí búùtù wà. Àpò gàrí mélòó ló lè wọ ibẹ̀? Àgbẹ̀ ni wá. Láti Ìgàngán dé Èrúwà, ẹ̀gẹ́, ẹ̀gúsí àti àgbàdo ni a fi ń rán ọmọ nílé ìwé. Ọkọ̀ tí kò lè gbé ẹrù àgbẹ̀, ọkọ̀ olówó rẹ̀ nìkan ni.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn Ìjàpá, ní 1968, ni 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1969, òun ni wọ́n fi ṣe Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná, ọdún kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Èkó. Ó ga nílẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ sì ń gba kòtò mọ́ra. Ó ní píkọ́ọ̀pù fún ẹrù, ó sì ní èyí tó gùn, tó ní ìjókòó ìlà mẹ́ta fún èrò.

Bàbá á ní awakọ̀ 504 ń sáré àsápajúdé, wọ́n sì ń kó èrò mẹ́sàn-án sínú ọkọ̀ èrò méje. Òótọ́ ni, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò awakọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ kì í wa ara rẹ̀.

Ìyá àgbà ló sọ èyí tó kù fún mi. Ní Ayétẹ̀ tí bàbá ti ń kọ́ni, ìrọbí ìyá mi mú wọn lóru. Ìjàpá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dán. Wọn ò lè na ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Bàbá fúnra wọn ló sáré lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò tó ní 504 gígùn. Wọ́n ká ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n sì gbé wọn dé Igbó-Ọrà kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí wọn ò bá dé ibẹ̀, ta ni ì bá kọ ìwé yìí?

Lónìí, orí ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ aboyún ń gùn jáde láti abà. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, bí a bá tún ń yin ọkọ̀, ẹ má wo bó ṣe ń dán. Ẹ béèrè pé: ta ni ó lè gbé?