Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà Àkókò

Lọ́jọ́ 26 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, Amẹ́ríkà yọ sátẹ́láìtì GPS kan tó ti gbó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ni àṣìṣe bá yọ́ wọ inú àkókò tí àwọn kan lára àwọn yòókù ń fọ́n ká. Ká pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, 13 péré nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ṣì í. Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó da rédíò díjítà BBC rú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nítorí àtimọ ọ̀nà nìkan ni GPS ṣe wà. Aago ni. Ilé-iṣẹ́ fóònù, báńkì àti àwọn tó ń pín iná mànàmáná ń gba àkókò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ibi tó ga tó kìlómítà 20,200 ni ìgbì rẹ̀ ti ń bọ̀, á sì ti rẹ̀ ẹ́ kó tó balẹ̀. Ní 2012, awakọ̀ kan tí kò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ mọ ibi tó wà gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń dí GPS sínú ọkọ̀. Ẹ̀rọ pápákọ̀ òfúrufú Newark ní Amẹ́ríkà ló kó sí wàhálà.

Ìgbì orí ilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ rédíò DCF77 ní Mainflingen, nítòsí Frankfurt, ń fọ́n àkókò Jámánì dé nǹkan bíi 2,000 kìlómítà. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i wuni: bí ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan bá ti bẹ̀rẹ̀, agbára ìgbì náà a lọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, òdo ni. Bó bá jẹ́ ìdá méjì, oókan ni. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, aago ara ògiri tó ń gba ìgbì náà ti ka wákàtí, ọjọ́ àti ọdún. Ní ìṣẹ́jú-àáyá tó kẹ́yìn nìkan ni agbára ìgbì náà kì í lọ sílẹ̀, kí aago lè mọ̀ pé ìṣẹ́jú tuntun ti dé tán.

Lóòótọ́, DCF77 kò péye tó GPS. Èyí tó sún mọ́ ọn ni ètò rédíò tó ń jẹ́ eLoran, ọmọ Loran àtijọ́, tí òun náà ń ti orí ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Amẹ́ríkà pa Loran tirẹ̀ ní 2010. Norway àti France pa tiwọn lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2015, oṣù kan kò tíì pé tí àṣìṣe GPS fi ṣẹlẹ̀! Ìkánjú ni, kò sì mọ́gbọ́n dání. Ìwádìí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2017 sọ pé bí sátẹ́láìtì bá dákẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, àdánù ilẹ̀ náà yóò tó bílíọ̀nù 5.2 pọ́n-ùn. Ẹni tó bá ní owó òpó eLoran ti pọ̀ jù, kó kọ́kọ́ fi í wé ìyẹn.