Ẹ Fi Asẹ́ sí Ẹnu Ọ̀nà Kí Fáìlì Tó Wọlé

Bí ẹnìkan bá jókòó, tí ó ń to àmì orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè sínú fáìlì YAML, irú fáìlì tí a fi ń ṣe ìṣètò fún kọ̀ǹpútà, tí ó kọ NG fún Nàìjíríà, BJ fún Benin, TG fún Tógò, tí ó sì kọ NO fún Nọ́wè, tí ó ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìrí àléébù kankan, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí ètò tí yóò lo fáìlì náà bá mọ Nàìjíríà, tí ó mọ Benin àti Tógò, ṣùgbọ́n tí ó ní òun kò mọ ibì kankan tí ń jẹ́ Nọ́wè. Òfin YAML àtijọ́, ẹ̀dà 1.1, ni ó fi lélẹ̀ pé bí a bá kọ NO láìfi àmì àyọlò sí i, "rárá" ni a wí; rárá náà sì ni kọ̀ǹpútà gbọ́. Ẹ̀dà 1.2 tí ó jáde ní 2009 ti pa òfin yìí tì, àmọ́ ọ̀pọ̀ ohun èlò ni ó ṣì ń tẹ̀ lé ti àtijọ́ títí di òní. Ẹni tí ó kọ fáìlì kò ṣi ọ̀rọ̀ kọ. Ó kàn ń bá ẹni tí kì í ro ọ̀rọ̀ kọjá ohun tí ẹnu sọ sọ̀rọ̀ ni.

Àwa ọmọ Yorùbá ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ju ẹlòmíràn lọ. Bí ará ilé wa kan bá kọ̀wé ránṣẹ́ pé òun "ra oko", tí kò fi àmì kankan sí i, àwa tí a mọ̀ ọ́n ni yóò wo ìgbà, tí a ó wo ipò rẹ̀, tí a ó fi mọ̀ bóyá oko tí a ń ro ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, tàbí ọkọ̀ tí ń gbé èrò lọ sí Ìbàdàn. Òye tí ó ń ràn wá lọ́wọ́ yìí gan-an ni ó ń tàn wá jẹ nígbà tí a bá ń yẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara wa wò, nítorí ohun tí a ní lọ́kàn láti kọ ni ojú wa ń rí lórí ìwé. Bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Nítorí èyí ni Stephen Johnson, òṣìṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà, fi ṣe ètò kan ní 1978, tí ó ń yẹ iṣẹ́ tí a fi èdè C kọ wò, tí ó sì sọ ọ́ ní lint, orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe fọ́nrán kéékèèké tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀ ní linter. Asẹ́ ni èmi yóò máa pè é, nítorí ìyá tí ń sẹ́ ògì kì í bá èèrí jà, kò kàn ní jẹ́ kí ó bá ògì wọnú omi ni.

Nínú fáìlì JSON, asẹ́ yóò rí kọ́mà tí a gbàgbé sẹ́yìn ohun tí ó kẹ́yìn àtòjọ, èyí tí òfin JSON kò gbà. Nínú YAML, yóò rí táàbù tí a fi sún ìlà wọlé níbi tí àlàfo nìkan tọ́ sí, àwọn méjì tí ojú ènìyàn kò lè yà sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù lójú tèmi ni orúkọ kan náà tí a kọ lẹ́ẹ̀mejì nínú fáìlì kan, tí a fún ní iye kan lókè, tí a tún fún ní òmíràn nísàlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ètò yóò mú ti ìsàlẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti fi odidi ọ̀sán kan wá irú rẹ̀ rí, mo sì búra pé n kò tún ní fi ojú lásán wá a mọ́.

Asẹ́ tí ń ṣọ́ àmì nìkan kò sì tó. Bí a bá kọ ẹ̀dà Python tí ó jáde ní 2021 sílẹ̀ ní 3.10 láìfi àmì àyọlò sí i, kò sí àmì kan tí ó ṣì, síbẹ̀ 3.1 ni kọ̀ǹpútà yóò kà á sí. Ohun tí ó lè mú irú èyí ni JSON Schema, ìwé tí a fi sọ ṣáájú pé ọ̀rọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wà níbí, pé nọ́ńbà ni ó gbọ́dọ̀ wà lọ́hùn-ún. Kí n sì fi ti ilé kún un: ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà pa lẹ́tà ẹ mọ́, bóyá gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, bóyá gẹ́gẹ́ bí e tí àmì abẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé. Lójú wa, ìbejì tí a kò lè dá mọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wá ọ̀kan kò ní rí èkejì. Ẹni tí ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú fáìlì, tí kò fi asẹ́ mú gbogbo rẹ̀ bá ọ̀nà kan ṣoṣo, ń kó omi sínú agbọ̀n.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá ń wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ariwo asẹ́ yìí pọ̀ jù." Òótọ́ ni wọ́n wí. Yamllint, asẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ fún YAML, yóò ka ìlà tí ó bá gùn ju àmì 80 lọ sí àṣìṣe, yóò sì tún máa kìlọ̀ nípa "on" tí fáìlì GitHub Actions kò lè ṣe aláìní. Ẹni tí ó bá tú gbogbo rẹ̀ lu iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ kan yóò rí ìkìlọ̀ bí eṣú, yóò sì pa á tì kí ilẹ̀ tó ṣú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: ẹ pa òfin gígùn ìlà, ẹ jẹ́ kí ti orúkọ àsọtúnsọ àti ti táàbù máa ṣiṣẹ́, kí ẹ sì máa fi òfin kún un bí ọwọ́ bá ṣe ń mọ́.

Ibi méjì ni kí ẹ gbé e sí. Àkọ́kọ́ ni orí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, níbi tí ohun èlò tí ń jẹ́ pre-commit yóò ti máa yẹ fáìlì tí a yí padà wò kí Git tó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kánjú lè fi --no-verify gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, nítorí náà kí èkejì wà lórí GitHub tàbí GitLab, kí ẹ sì tò ó kí ìlẹ̀kùn má ṣe ṣí fún ọ̀gá tàbí ọmọṣẹ́ bí fáìlì kò bá mọ́.

Kí asẹ́ náà má sì lu. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2024, ilé-iṣẹ́ CrowdStrike, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtimáa dáàbò bo kọ̀ǹpútà, fi fáìlì ìṣètò kan ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà Windows káàkiri ayé. Ìṣẹ́jú 78 péré ni ó gbà kí wọ́n tó dá a padà, síbẹ̀ Microsoft ṣírò rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà tí ó dákú tó mílíọ̀nù 8.5, ọkọ̀ òfurufú jókòó sílẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn sì padà sórí bírò àti ìwé. Fáìlì náà ní kí ètò wo ohun kọkànlélógún, bẹ́ẹ̀ 20 ni ètò ń kó wá. Kì í ṣe pé wọn kò ní asẹ́ o. Wọ́n ní in. Inú rẹ̀ ni fáìlì náà gbà kọjá, nítorí asẹ́ fúnra rẹ̀ gbà pé 21 ni yóò wá.

Nítorí náà, ẹ ya àpò kan sọ́tọ̀ fún fáìlì tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ bàjẹ́, kí ẹ sì máa dà wọ́n sínú asẹ́ nígbàkúùgbà tí ẹ bá yí òfin rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí ti Nọ́wè ṣáájú. Bí yamllint bá wà bí wọ́n ṣe gbé e dé, yóò kìlọ̀ lásán nípa NO náà, yóò sì jẹ́ kí ó wọlé; bí ẹ bá sì lo èyí tí wọ́n pè ní relaxed, kò tilẹ̀ ní sọ̀rọ̀ rárá. Òfin tí ń jẹ́ truthy ni kí ẹ gbé kúrò ní ìkìlọ̀ sí àṣìṣe, kí ẹ tún dà á, kí ẹ sì dúró tì í títí tí ìlẹ̀kùn yóò fi tì.