Àṣírí Ẹlòmíràn Nínú Kọ̀ǹpútà Àlòkù

Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ kan bá gbé kọ̀ǹpútà àlòkù lọ sí Challenge ní Ìlọrin láti tà á, iye owó tí yóò bọ́ sí i lọ́wọ́ ni ó sábà máa ń rò. Ó ti pa gbogbo fáìlì rẹ́, ó sì gbà pé inú ẹ̀rọ náà ti mọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn aláìní tí ó gba sàká, nọ́ńbà àkáǹtì àwọn tí ó dáwó, àti lẹ́tà tọkọtaya tí wọ́n bá parí ìjà, gbogbo rẹ̀ lè wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ta ni ó fún un láṣẹ láti tà wọ́n?

Nígbà tí a bá pa fáìlì rẹ́ lórí hard disk, orúkọ rẹ̀ nìkan ni kọ̀ǹpútà ń yọ kúrò nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà níbẹ̀ títí a ó fi kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà rẹ̀ lè kó o jáde.

Èyí kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 2006, BBC fi hàn pé wọ́n ń ta àlàyé àkáǹtì báńkì àwọn ará Bìrìtìkó, tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti sọ nù, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní iye tí kò tó £20. Ní ọdún 2009, ìròyìn jáde pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Kánádà ra hard disk kan ní Tema, ní Gánà, ní dọ́là 40. Ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ Northrop Grumman pẹ̀lú ìjọba Amẹ́ríkà ni wọ́n bá nínú rẹ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé àwọn kò ní ohunkóhun láti fi pamọ́. Èyí lè jẹ́ òtítọ́ nípa tiwọn, ṣùgbọ́n àṣírí ẹlòmíràn kì í ṣe tiwọn. Àmánà ni. Òfin Ìdáàbòbò Détà ti ọdún 2023 ní Nàìjíríà pẹ̀lú fi dandan lé ẹgbẹ́ tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ènìyàn láti dáàbò bò ó.

Nítorí náà, kí a tó ta kọ̀ǹpútà:

1. Kí a kọ́kọ́ da ohun tí a nílò kọ sí ibòmíràn.

2. Bí ó bá jẹ́ hard disk, kí a lo ètò tí ń kọ nǹkan mìíràn lé gbogbo àyè inú rẹ̀ lórí.

3. Bí ó bá jẹ́ SSD, kí a lo àṣẹ ìnùnù tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é pèsè, nítorí kíkọ nǹkan lé e lórí kì í dé gbogbo ibi.

4. Bí ẹ̀rọ náà kò bá tàn mọ́, kí a yọ disk rẹ̀, kí a sì fọ́ ọ túútúú. Ẹni tí ó rà á lè fi òmíràn sí i.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kí ọ̀dọ́ tí a fi àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ sí ìkáwọ́ rẹ̀ má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò la ògiri náà.