Omi Rédíétọ̀ Ọkọ̀ Tòkunbọ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irin lọ́tàá, omi lásán sì wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń fi bọ́ọ̀sì kó ọjà, ó sì kan ẹ̀yin olùkọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ yín ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti máa fi gbé ọmọ.

Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gúnlẹ̀ láti òkè òkun, omi aláwọ̀ ewé, pupa tàbí búlúù ni ẹ ó sábà bá nínú rédíétọ̀ rẹ̀. Kúláǹtì ni. Mẹkáníìkì mìíràn a ní, "Ti òtútù òyìnbó nìyí, ẹ dà á nù, ẹ bu omi sí i." Ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Lóòótọ́, kì í jẹ́ kí omi di yìnyín, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ó tètè hó pẹ̀lú. Ó sì ní oògùn tí ń lé ìpáàrà. Omi kànga kò ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ ilẹ̀ inú rẹ̀ ni yóò lẹ̀ mọ́ irin, bí èyí tí ẹ ń rí ní ìdí kẹ́tùlù, tí yóò fi dí ọ̀nà omi. Nígbà náà ni ẹ́ńjìnnì yóò gbóná jù, orí rẹ̀ yóò wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì yóò jó, owó ọjà yóò sì bá a lọ.

Oògùn náà kì í sì í ṣe ti ayérayé. Kúláǹtì irú ti àtijọ́ a máa lo nǹkan bí ọdún 2, ti ọlọ́jọ́ pípẹ́ a máa lo nǹkan bí ọdún 5. Bí ó bá gbó tán, yóò bẹ̀rẹ̀ sí jẹ irin tí ó yẹ kí ó dáàbò bò. Ta ni nínú yín tí ó mọ ìgbà tí òyìnbó tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà pààrọ̀ tirẹ̀? Ẹ kà á sí èyí tó ti gbó. Ẹ má sì fi àwọ̀ yan tuntun, ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ wò, nítorí bí irú méjì bá pàdé, ó lè ki bí ẹ̀kọ.

Bí a ti ń pààrọ̀ rẹ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù pátápátá; ẹni tó bá ṣí ìdérí rédíétọ̀ gbígbóná, omi híhó yóò fò bò ó lójú. Ẹ gbé ọpọ́n sábẹ́, kí ẹ tú u dà. Ẹ da omi mímọ́ sí i, ẹ tan ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ móoru, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí yóò fi gbóná, kí ó tún tutù, kí ẹ tún tú u dà. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí omi yóò fi mọ́. Omi díẹ̀ yóò ṣì kù nínú ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, bí gbogbo rẹ̀ bá ń gba lítà 10, ẹ kọ́kọ́ da ògidì kúláǹtì lítà 5, kí ẹ tó fi omi dísítíìlì kún un. Kì í ṣe ásíìdì bátìrì o! Ẹ tún wò ó ní ọjọ́ kejì bóyá ó fà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ yọ tẹmọ́sítáàtì sọnù, ẹ má gbà fún un.

Èyí tó ju ọ̀rọ̀ owó lọ ló kù. Kúláǹtì a máa dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Kíndìnrín ló ń bàjẹ́. Ẹ má dà á sí gọ́tà tí ewúrẹ́ àti ajá ti ń mu, ẹ má sì rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ọmọdé bá tọ́ ọ wò, ẹ má dúró fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì wò ó pé ó ṣì ń ṣeré. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.