Ìwádìí Nípa Ikùn Wa: Ta Ni Ó Ń Gbọ́ Ọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ibà, kì í sì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń ṣe ìwádìí lórí ikùn àti ìfun ni, àti bí a ti ń díwọ̀n iṣẹ́ wọn.

Bí oníṣègùn kan bá tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde, tí ẹlòmíràn sì dárúkọ rẹ̀ nínú tirẹ̀, ìtọ́kasí kan nìyẹn. Ní 2005, Jorge Hirsch ní Amẹ́ríkà dá òṣùwọ̀n kan sílẹ̀: bí ènìyàn bá ní ìwé 20 tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìgbà 20, òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 20. Àwọn Yunifásítì wa a sì máa fi irú rẹ̀ yangàn. Èmi kò bú wọn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹni tí ó bá dárúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ lọ́gbọ́n, ọmọlúàbí ni. (Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ara wọn ni wọ́n ń tọ́ka sí ṣáá. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀.)

Ẹ wo olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti. Púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n sí Mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, tàbí sí ẹ̀gbọ́n Fẹlá. Ṣùgbọ́n kí ó tó di mínísítà, oníṣègùn ọmọdé ni ní Yunifásítì Èkó, ó sì wádìí ohun tí wàrà ń ṣe nínú ikùn àwa ọmọ Nàìjíríà. Ní 1971, òun àti Norman Kretchmer ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú The Lancet. Ní 1975, òmíràn jáde nínú Gastroenterology, ìwé pàtàkì àwọn oníṣègùn ikùn, lórí bí ọ̀rọ̀ náà ti ń tọ ìdílé.

Kí ni wọ́n rí? Ṣúgà kan wà nínú wàrà tí ń jẹ́ lactose. Ìfun ọmọ ọwọ́ ní ohun tí ń gé ṣúgà yìí sí wẹ́wẹ́ kí ara lè gbà á. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú, ohun náà a máa dínkù lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá àti Íbò. Lára ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran, kì í dínkù. Bí ẹni tí tirẹ̀ ti dínkù bá mu mílíìkì púpọ̀, ṣúgà náà yóò bọ́ sí ìfun ńlá láìdà. Àwọn kòkòrò ibẹ̀ yóò fi ṣe ọdún, afẹ́fẹ́ yóò kún inú, ikùn yóò máa kùn, ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀lé e. Kì í ṣe àrùn rárá. Bí a ti dá wa ni.

Àwọn onímọ̀ nípa àjogúnbá ṣì ń tọ́ka sí iṣẹ́ yìí. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ wá sí dìsípẹ́ńsárì wa ní Agbowó, níbi tí títì kan ṣoṣo ti là wá láàrin pẹ̀lú Yunifásítì Ìbàdàn. Ìyá kan á ní jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ òun lẹ́nu láràárọ̀. Bàbá kan á ti lo Flagyl lẹ́ẹ̀mẹta láàrin oṣù kan, kò sì sí ẹni tí ó yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò. Ẹlòmíràn á máa fura sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó po tíì fún un. Bí mo bá wádìí ohun tí wọ́n ń mu, agolo mílíìkì ni yóò yọjú. Mo máa ń ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí a wò ó. Ẹni tí ara bá tù kò ní láti sá fún wàrà pátápátá. Díẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ lè má ṣe é ní nǹkan, yúgọ́ọ̀tì àti nónò sì máa ń rọrùn jù, nítorí pé kíkan wọn ti dín ṣúgà náà kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ó ń rù, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ. Ẹ má sì torí ọ̀rọ̀ yìí gba ọmú lẹ́nu ọmọ ọwọ́ o!

Ohun tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún Ransome-Kuti ju ìtọ́kasí lọ ni pé nígbà tí ó di mínísítà, omi iyọ̀ àti ṣúgà di ohun tí àwọn ìyá ń pò nílé, kí omi ara ọmọ tí ń ṣu gbuuru má baà gbẹ. (Lónìí, ORS àti síǹkì fún ọjọ́ 10 sí 14 ni a ń fún ọmọ, ẹ po ORS náà sínú ìwọ̀n omi tí wọ́n kọ sí i lára gan-an.) Ìyá tí ọmọ rẹ̀ yè nípa bẹ́ẹ̀ kò kọ̀wé sí The Lancet, kò sì sí ẹni tí ó kà á mọ́ ìtọ́kasí Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ olùwádìí ni kí ó wádìí, kì í ṣe kí ó máa wàásù. Mo gbà, ìwádìí tí a kò rí ìlò rẹ̀ lónìí lè wúlò lọ́la. Ṣùgbọ́n ikùn wa ni wọ́n yẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n gbà. Nígbà púpọ̀, dọ́là ni nọ́ọ̀sì yóò san kí ó tó ka èsì rẹ̀, ní èdè tí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kò gbọ́. Kí àwọn Yunifásítì tó gbé ènìyàn ga, kí wọ́n bi í pẹ̀lú pé: ta ni ó ti lo ìmọ̀ yìí ní ìgboro? Ẹ̀yin oníṣègùn ikùn ní UCH, ojú ìwé kan péré ní Yorùbá ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́yìn ìwádìí kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn dìsípẹ́ńsárì Bódìjà, Agbowó àti Challenge. Àyè ṣì wà lára ògiri wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. A ó lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.