A kì í fá orí lẹ́yìn olórí: Ìmọ̀ràn tí ó tọ́ sí àkàndá ẹ̀dá lọ́jọ́ yìgì àti lọ́jọ́ ọ̀fọ̀

Ọpẹ́ ni fún Allah, Ọba tí ó dá ẹ̀dá bí Ó ṣe fẹ́. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Nínú oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tí ó ka yíya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá rú u lè san ìtanràn ₦100,000, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí àwọn tí ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Ọdún 5 náà pé ní 2024. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá bá délẹ̀, àtẹ̀gùn àti ilẹ̀kùn ni a sábà máa ń sọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì wà tí òfin ìjọba kò lè bá wa ṣe, tí ó wà lọ́wọ́ àwa àáfà àti ẹbí: ọjọ́ yìgì àti ọjọ́ ikú.

Ìgbéyàwó ni a ó fi ṣáájú. Ànábì pa á láṣẹ pé kí a gba ìyọ̀ǹda ọmọbìnrin kí a tó fi í fún ọkọ, ó sì kọ́ wa pé bí wúńdíá bá dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ tó ní ìdáhùn. Hadiisi yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu wa. Ohun tí a kì í sábà rò ni ti ọmọbìnrin tí ó jẹ́ adití. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tí ìbéèrè yé ni Ànábì ń sọ. Adití tí ẹnikẹ́ni kò fi èdè tí ó yé e bi léèrè kò tíì dákẹ́. A kò tíì bi í ni. Bí bàbá bá mi orí, tí ẹ̀gbọ́n gba sàdáàkì, tí àáfà sì ṣe àdúà, tí ìyàwó fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, orí ni a fá lẹ́yìn olórí yẹn.

Kì í ṣe pé ẹ̀sìn kò fi ọ̀nà hàn wá. Àwọn onímọ̀ ti gbà tipẹ́ pé àmì tí odi fi ọwọ́ ṣe, tí ó sì yé ni, dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu. Nígbà tí ìjọba Ottoman ní Túkì to ìwé òfin Majalla jọ láàrin 1869 sí 1876, wọ́n fi ìlànà yìí sínú rẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí a máa lò ó.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Kí ọjọ́ yìgì tó pé, kí ó bá ọkọ àti ìyàwó sọ̀rọ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ àti papọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ adití, kí ẹni tí ó gbọ́ èdè tí wọ́n ń fi ọwọ́ sọ wà níbẹ̀. Kí onítọ̀hún má sì jẹ́ ẹbí tí ó ń wá ìgbéyàwó náà lójú méjèèjì, torí ó lè fi tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ afọ́jú, kí a ka ìwé yìgì sí i létí kí ó tó tẹ̀ka. Kí a sọ ohun tí ẹnu ń wúwo láti sọ: ta ni yóò máa ṣe kí ni nínú ilé? Kí ni ọkọ yóò ṣe bí àwọn ẹbí rẹ̀ bá ń bú ìyàwó? Bóyá àìlera náà lè kan ọmọ tí wọ́n bá bí, ìyẹn ti dókítà ni, kì í ṣe ohun tí àáfà ń fi àbá dáhùn.

Ẹ rántí Julaybib, sàhábé tí àwọn ènìyàn kò kà sí nítorí ìrísí rẹ̀. Ànábì fúnra rẹ̀ ni ó bá a tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ àwọn Ansar. Àwọn òbí ń lọ́ tìkọ̀. Ọmọbìnrin náà ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà. Ìtàn yìí kò ní kí a fi àánú ti ẹnikẹ́ni wọlé ọkọ. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé kí ìrísí má di ìdènà, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ náà kò yàtọ̀. Bí a bá lọ kí opó tí ó jẹ́ adití, ẹni tí ó jókòó tì í ni a máa ń kọjú sí: "Ẹ bá wa kí i o." A ó ṣe àdúà, a ó padà sílé, òun ṣì ń wo ẹnu wa. Ó lè má mọ ohun tí ó pa ọkọ rẹ̀. Ó lè má mọ̀ pé opó òun jẹ́ oṣù 4 àti ọjọ́ 10, tàbí ìgbà tí yóò parí bí òun bá lóyún. Èyí tí ó burú jù ni ti ogún. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni tirẹ̀ bí olóògbé bá fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin bí kò bá sí ọmọ. Àìgbọ́ràn tàbí àìríran kò dín in kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ lè tẹ̀ka sí ìwé tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Afọ́jú tí ìyàwó rẹ̀ kú lè pàdánù ẹni tí ń mú un dé mọ́sáláásí pẹ̀lú. Kí a tó wàásù sùúrù fún un, ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè ta ni yóò mú un jáde lọ́la. Ẹni tí òye rẹ̀ kò tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ kú, wọn a ní ìyá rìnrìn àjò. Yóò sì máa wo ọ̀nà lálaalẹ́. Ẹ sọ fún un pé ìyá ti kú, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò lọ́jú pọ̀. Ẹ tún un sọ bí ó bá tún béèrè, ẹ sì mú un dé ibojì. Bí ó bá sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún. Ànábì náà da omi lójú nígbà tí ọmọ rẹ̀ Ibrahim kú.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba owó púpọ̀. Kí mọ́sáláásí kọ̀ọ̀kan mọ ẹnì kan tí ó gbọ́ èdè àwọn adití. Kí ó yan obìnrin kan tí ó ní ìmọ̀, tí yóò máa bẹ opó wò títí tí opó yóò fi parí. Kí Lèmọ́mù má so yìgì títí tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò fi dáhùn fúnra rẹ̀.

Kí Allah fún wa ní etí tí yóò gbọ́ wọn àti ọkàn tí yóò bọ̀wọ̀ fún wọn. Àmín.